Kànga Mẹ́jọ Tó Gbẹ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Sharayu, àgbọn ló wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ ló wà lọ́rùn tèmi, inú oko ọkà bàbà kan náà la sì wà. Ọ̀dá ti mú gbogbo abúlé Pimpalwadi.

"Sà, ẹ̀rọ yín ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀," ló wí. "Àgbọn bàbá mi kì í ké."

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni Sharayu ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé náà. Bhikaji bàbá rẹ̀ a máa bọ́ bàtà, á gbé àgbọn lé àtẹ́lẹwọ́, á sì máa rìn wá omi kiri. Ibi tí àgbọn bá ti nàró ni wọ́n á gbẹ́. Bí kànga bá gbẹ, á ní ẹnì kan ló wọ bàtà kọjá níbẹ̀. Èmi tí mo kàwé nípa ilẹ̀ àti àpáta, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, mo sì máa ń pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn. Síbẹ̀ ìfẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kó sí mi lórí, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń pè mí ní àyànfẹ́.

Bàbá ní òun ò kọ̀ kí n fẹ́ ẹ. "Ṣùgbọ́n Girish, má pè mí ní òpùrọ́ lójú ará abúlé mọ́."

Mi ò gbọ́. Mo ní kí wọ́n di Bàbá lójú, kó rin oko kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ká máa fi òkúta sàmì síbi tí àgbọn bá ti nàró. Bí gbogbo òkúta bá bọ́ sójú kan, màá tọrọ àforíjì. Bàbá gbà tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ó gba iṣẹ́ ara rẹ̀ gbọ́.

Òkúta mẹ́wàá, ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú rẹ̀, ó wo àwọn òkúta náà títí, kò sì dárúkọ bàtà ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn. Ohun tó ń tì mí lójú jù títí dòní nìyẹn, pé inú mi dùn.

Ọjọ́ kẹrin ni Sharayu tó wá bá mi ní ọ́fíìsì.

"Ṣé àdánwò yẹn ò dáa ni?" mo bi í.

"Ó dáa. Màá fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kànga mélòó ló gbẹ nínú tìẹ?"

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ kì í ṣe iye. Mú ìwé rẹ wá."

Ibi mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ẹ̀rọ yàn pé kí wọ́n gbẹ́ kànga sí, mẹ́jọ ló gbẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé ẹ̀bi àwọn tó gbẹ́ ẹ ni.

"Ti bàbá mi, bàtà. Tìẹ, àwọn agbẹ́kànga," ló wí jẹ́jẹ́. "Kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀, àyànfẹ́ mi?"

Mo wá ilẹ̀ tí màá wọ̀, mi ò rí. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn èèyàn yẹn ò ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú gbogbo abúlé, mo ka kànga mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó gbẹ pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ni oko, mo sì ní èmi ló ṣi ibẹ̀ yàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí wọ́n rín in.

Bhikaji ló sọ̀rọ̀. "Bí èèyàn bá kàn ń ju òkúta kiri, tó ń gbẹ́ ibi tó bá bọ́ sí, mélòó ni yóò lómi nínú mọ́kàndínlógún?"

Kò sí olùkọ́ mi kan tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ò bi ara mi.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀. Ogójì ọdún, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kankan rí. Namdev àgbẹ̀ ta màlúù ìtúlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti fi gbẹ́ ibi tí mo fi hàn án, kò sì kan omi." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ìgbà wo ni àwọn òbí rẹ ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún un. Mo pẹ́ níbẹ̀, nítorí mi ò lè gbé ojú sókè wò ó.