Ọ̀nà Tó Jìn Jù Lójú Ọpọ́n

Ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà ń ta ayò rẹ̀ sí. Bánkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ẹrù ní stéṣàn rélùwéè Òṣogbo, ó ń wò ó bí ẹni tó rí òròmọdìyẹ tó ń padà wọnú ẹyin. Gbogbo ayé a máa jẹ ọmọ ayò kúrò lójú ọpọ́n. Èyí ń kó tirẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́, ó ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Kò ní ẹnìkejì. Aṣọ funfun rélùwéè ló wọ̀, bọ́tìnì kan ti já níbẹ̀, pẹ́ńsù sì há sí i létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ dá ayò padà sórí igi tó so ó ni?"

Kò gbójú sókè. "Mo ń wá ọ̀nà tó gbà débi tó kú sí ni."

"Ta ló kú?"

"Ọ̀pẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n pa láyò." Ó wá gbójú sókè. Ó gbàgbé ọmọ ayò sí àtẹ́lẹwọ́.

Tíṣà ni Bánkẹ́, ọmọ Fásanmí, ará Iléṣà. Páálí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wá gbà, ọkọ̀ ojú irin kò sì tíì dé. Ó jókòó sórí àpótí kan. Akọ̀wé tó ń ta ayò náà, Oyèṣọlá lorúkọ rẹ̀, bá rí ẹni tó máa gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Mùyídéènì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ló sọ fún un pé àwọn òyìnbó ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, eré ọlọ́pọ́n tiwọn tó ní ọba àti ayaba. Bó bá ku ọmọ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ̀rọ náà kì í ronú mọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọba ti kú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà sẹ́yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún un. Kó kàn yẹ àkọsílẹ̀ wò ló kù: ibi tí yóò gbà, àti ìgbà mélòó ló kù kó parí.

"Èmi ò ní ẹ̀rọ," Oyèṣọlá wí. "Ọwọ́ mi àti pẹ́ńsù ni. Ṣùgbọ́n ayò tiwa náà ní òpin."

"Ó hàn pé ẹ ò tíì níyàwó."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyàwó wo ni yóò máa wo bọ́tìnì yẹn níran?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, Bánkẹ́ a gba stéṣàn kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ilé rẹ̀ kò gba ibẹ̀. Ó ń bá a yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ń fi pẹ́ńsù pupa tíṣà fa ìlà sí àṣìṣe. "Ẹyinjú mi," Oyèṣọlá a ní, "máàkì mélòó ni mo gbà?" "Má pè mí ní ẹyinjú, tún èyí ṣe." Nígbà tí ọdún 1972 fi parí, wọ́n ti kọ òpin ayò ọlọ́mọ mẹ́fà tán, ìwé mọ́kànlá gbáko. Ìfẹ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n gbogbo stéṣàn ló ń kà á.

Ó wá ku kí wọ́n lọ rí baba Bánkẹ́. Láti ibùdókọ̀ Old Garage ní Òṣogbo títí dé Iléṣà ni Bánkẹ́ fi ń kìlọ̀: "Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Má bá bọ̀ọ̀dá Silas jiyàn. Bí Bàbá bá sì ní kí ẹ ta ayò, jẹ́ kí wọ́n pa ọ́."

"Bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ kú, wọn yóò mọ̀."

"Kú dáadáa nígbà náà!"

Fásanmí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ ló fi ìgbà èwe rẹ̀ rù káàkiri ìlú onílùú. Ayò ló ń fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ ta. Ọpọ́n àkọ́kọ́, Oyèṣọlá kú dáadáa. Nínú èkejì, ọmọ mẹ́fà ló kù, wọ́n sì tò síbẹ̀ gan-an bó ṣe kọ wọ́n sínú ìwé keje. Ó dá wọn mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá ojú ọ̀rẹ́ mọ̀ láàárín èrò. Ahọ́n rẹ̀ sáré ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ibi yòówù kí ẹ gbà, ẹ ti kú. Bí ẹ ṣe ń ta á yìí, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta péré."

Ẹyin lohùn. Òótọ́ ni pé èébú kì í dun ọ̀tayò, ṣùgbọ́n ta ni í sọ ọ́ fún baba ìyàwó tí kò tíì fẹ́? Ọwọ́ Fásanmí dúró sókè ọpọ́n. Baba rọra gbé e sílẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá.

Silas, ẹ̀gbọ́n Bánkẹ́, ti wà lórí ìdúró. "O wá fẹ́ ọmọ, o ń ka ọjọ́ fún bàbá rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ayò ni mo..."

"Gbé fìlà rẹ! N ò gbọdọ̀ tún rí ọ nílé yìí."

Oyèṣọlá bẹ̀bẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé Bánkẹ́ ní Òṣogbo. Bánkẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. "N ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n n ò lè jáde nílé bàbá mi láìsí àdúrà ẹnu wọn. Máa lọ, Oyèṣọlá." Oṣù méjì, kò gba ọ̀nà stéṣàn. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, yóò yí ojú sí pátákó ìkọ̀wé, àwọn ọmọ kíláàsì yóò sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Sátidé kan tó délé, agbádá baba rẹ̀ ti tóbi jù fún un.

"Bá mi pe ọmọ rélùwéè yẹn."

"Bàbá, ẹ foríjì í."

"Kò ṣẹ̀ mí." Fásanmí mí kanlẹ̀. "Kó tó wá síbí ni dókítà ti sọ fún mi. Ẹ̀dọ̀ ni. Kò sóògùn rẹ̀. N ò wí fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Silas. Ọmọ yẹn wá la ẹnu, ó ní mo ti kú, àfi bí ẹni tó yọjú wo ìwé dókítà. Ẹ̀rù ló bà mí, Bánkẹ́. Ìbínú kọ́."

Bánkẹ́ padà sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà gan-an láti pè é.

Oyèṣọlá dé lọ́jọ́ kejì, ó na gbalaja. Silas ká ọwọ́ sí àyà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìwé rẹ yẹn," Fásanmí bèèrè, "ṣé apani nìkan ló ń ràn lọ́wọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ó wà fún ẹni tí wọ́n máa pa náà. Ó ń fi ọ̀nà tó jìn jù hàn án."

"Ọ̀nà náà lè gbà á là?"

Oyèṣọlá wo Bánkẹ́. Irọ́ kékeré ì bá tó. "Kò lè gbà á là, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò ta kó tó kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè ta á dé ìgbà mọ́kànlá."

"Mọ́kànlá!" Baba rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. "Tò ó kalẹ̀. Fi hàn mí."

Wọ́n ta á títí oòrùn fi kúrò ní fàráńdà. Lẹ́yìn náà ni Fásanmí sọ̀rọ̀: "Gbogbo ilé yìí ló ń sọ fún mi pé ara mi ti ń yá. Ẹni tí kò lè purọ́ fún mi, kò ní purọ́ fún ọmọ mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni kí àwọn èèyàn rẹ wá. Ẹ má ṣe dọ́jọ́ jìnnà."

Sátidé náà dé, baba kò lè dìde jókòó mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣì wà. Àwọn ará Òṣogbo wà ní fàráńdà pẹ̀lú Àpìkẹ́, ìyá Oyèṣọlá. Nínú yàrá, ọkọ àti ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fásanmí gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ti Oyèṣọlá. Àdúrà náà ń jáde ní ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi kan. Wọ́n ń dúró de gbogbo rẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín.

Nígbà tó parí, Bánkẹ́ bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ẹni tó ti kó o jọ láti oṣù púpọ̀.

Àwọn obìnrin Òṣogbo gbọ́ ọ láti ìta. Ẹkún ìyàwó ni wọ́n pè é, ẹkún tí ọmọ tó bá mọyì ilé baba rẹ̀ gbọ́dọ̀ sun. "Ó káre!" ni Àpìkẹ́ ké. "Ìyàwó wa, sun ún, jàre! Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni!"

Silas yára lọ sí ẹnu ọ̀nà láti sọ fún wọn pé kì í ṣe èyí tí wọ́n rò. Ohùn baba dá a dúró.

"Èyí tí wọ́n rò náà ni, Silas. Ṣílẹ̀kùn fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n wọlé wá mú ìyàwó wọn."

Silas nu ojú rẹ̀, ó sì ṣí i.