Ìwọ̀n Ọjọ́ Márùn-ún

Àǹtí Rosaline kò kígbe. Ó dúró níwájú táńkì gíláàsì rẹ̀ ní pálọ̀ ilé wọn ní Ìpọ̀nrí, ó ń wo omi òkun inú rẹ̀ tó ti funfun bí omi ògì.

"Kòfowórọlá, wá síbí."

Kòfowórọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni.

"Ẹ̀rọ rẹ ló ṣe èyí."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, iná ni. Wọ́n ń mú un lọ, wọ́n ń mú un wá látàárọ̀."

"Ìpọ̀nrí la wà. Ìgbà wo ni iná ò lọ rí?"

Àǹtí Rosaline kò lọ sí yunifásítì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń tọ́ iyùn ààyè, irú èyí tó ń dàgbà lábẹ́ òkun kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀. Láràárọ̀, á bu omi tí kò níyọ̀ dípò èyí tí ooru ti fà gbẹ, á sì kán kásíọ́mù sí i kí eegun iyùn lè le. Kòfowórọlá ló ní òun á ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì fúnra rẹ̀, òun á sì fi díje níléèwé.

Àǹtí gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà nínú korobá fún ọjọ́ méje, kó máa wọn kásíọ́mù tó bá kán láràárọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló fi wọ̀n ọ́n. Iná ò sì lọ rárá lọ́jọ́ méjèèjì. Ni Azeezah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá ń fi í ṣẹlẹ́yà.

"Ìyá Oníkorobá. Iye kan náà ló ń jáde lójoojúmọ́, kọ ìyókù síbẹ̀ jàre."

Kòfowórọlá kọ ìwọ̀n ọjọ́ márùn-ún tí kò wọ̀n. Àǹtí rí ìwé náà, ó sì jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ sí táńkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọn ò mọ̀ nígbà náà pé bí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ̀rọ náà á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á tún da kásíọ́mù odidi ọjọ́ kan sínú omi. Lọ́jọ́ náà, ìgbà mẹ́jọ ni iná lọ tó sì dé; àpọ̀jù kásíọ́mù ló sọ omi di funfun.

"Mú ìwé rẹ wá," ni Àǹtí wí. Ó ṣí i. "Ní Wẹ́sìdeè tó kọjá, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́, mo rántí. Kí ló dé tí iye inú ìwé rẹ ò yí padà?"

"Mà, kò sí ẹ̀dá tí kì í ṣe àṣìṣe…"

"Má da ọ̀rọ̀ dídùn bò mí. Ṣé o wọ̀n ọ́n àbí o ò wọ̀n ọ́n?"

"Mi ò wọ̀n ọ́n, mà."

"Ká ní o sọ pé ó rẹ̀ ọ́ ni, ǹ bá bá ọ wọ̀n ọ́n." "Irọ́ lo kọ fún mi, mo sì fi iyùn mi lé irọ́ náà lọ́wọ́."

Wọ́n pààrọ̀ omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Iyùn tó tóbi jù, tí kò ju àtàǹpàkò lọ nígbà tí Àǹtí rà á, ti bó, ó ku eegun funfun. Méjì péré ló yè.

Lọ́jọ́ kejì, Kòfowórọlá lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn. Ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje.

"Ta ló rán ẹ?" ni Azeezah bi í. "Ta ni ì bá mọ̀?"

"Azeezah, fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo pa ti kú."

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Kòfowórọlá kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí rẹ̀ kò sì tíì dárí jì í. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ẹ ò bá wọ̀n, ẹ má kọ ọ́.