Olú Tí Victorine Dà Nù

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò fi rọ̀ ní Issaba. Nígbà tó dá ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gbogbo obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀gán tí olú ti ń hù ti fi màrìwò ṣe ààlè síbẹ̀ láti àná, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ní agbègbè Pobè kí òyìnbó tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní ọdún kejì tí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa.

Ìyá Ládiípọ̀ ní ọ̀gán kan lẹ́bàá oko ọ̀pẹ. Ó ti ń fi ààlè síbẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ó sì máa ń fi yangàn. Ní ọjọ́ yìí, ó fi ọ̀bẹ gé olú funfun báláú kún apẹ̀rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Victorine, ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó, bá mi se é. Fi epo sí i dáadáa. Itọ́ ti ń dà lẹ́nu àwọn ọmọ."

Victorine mú ọ̀kan, ó yí i padà. Ará Yoko ni, ilé àgbẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, olú pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́báyọ̀. Ó jókòó tì í títí tó fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ olú tí kò bá rí ìdí rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìdí rẹ̀ dà?"

"Ìdí kín ni?"

"Ìdí olú. Ọ̀bẹ lẹ fi gé e. N ò rí èyí tó wà nínú ilẹ̀."

"Ó wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ṣé ìdí la fẹ́ jẹ ni?"

Victorine dìde. Ó mú ọkọ́, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Olú ọ̀gán máa ń ní gbòǹgbò gígùn tó wọnú ọ̀gán lọ. Àwọn tí Ìyá gé kò ní gbòǹgbò kankan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán ni wọ́n hù sí, lábẹ́ igi, ìdí wọn sì wà nínú àpò funfun kan tó rí bí èèpo ẹyin tó fọ́. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n jẹ ní Yoko. Ẹ̀rù ba Victorine. Ó wú ọ̀kan tìdítìdí, ó fi ewé wé e, ó sáré wálé.

Ìyá Ládiípọ̀ ti se ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ti ju hóró àgbàdo funfun kan sínú ìkòkò, torí wọ́n ní oró olú máa ń sọ ọ́ di dúdú, àgbàdo náà kò sì dúdú. Ìgbín sì ti gé etí olú náà jẹ nínú oko. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ó ti jẹ tirẹ̀ tán, ó ń lá ìka. Àwọn ọmọ ilé tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo, Berthe, ọmọ Victorine, ló sì ṣáájú.

"Ẹ má jẹ ẹ́!" Victorine já àwo gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ṣé èmi ni màá pa ọmọ ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin kọ́, Ìyá. Olú yìí ni."

Ládiípọ̀ jáde láti inú ilé. "Victorine! Kúnlẹ̀, bẹ Ìyá!"

"Màá kúnlẹ̀, Bàbá Berthe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ da èyí nù."

Ó gbé ìkòkò, ó da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Ìgbà náà ló tó padà wá kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Pobè báyìí, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run yín."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọ̀sán náà ló ń rìn káàkiri agbolé. "Ẹ wá wo òkú tó ń rìn o!" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Inú bí Victorine gan-an, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì nítorí olú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Ìyá ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ládiípọ̀ sáré gbé epo pupa wá. Victorine gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Epo kọ́! Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ gbé!"

Ní ilé ìwòsàn Pobè, Séverin tó ń tọ́jú aláìsàn fa omi sí Ìyá lára. Ó tú ewé tí Victorine mú wá, ó wo olú náà, ó mi orí.

"O ṣeun tí o mú un wá. Olú tó ń dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì ló burú jù. Kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run èèyàn, oró rẹ̀ ti ń lọ sínú ẹ̀dọ̀."

"Mùsíyè, ọ̀gá mi, àgbàdo kò kúkú dúdú," ni Ládiípọ̀ wí.

"Kí ni àgbàdo mọ̀? Àlùbọ́sà kò mọ̀ ọ́n, owó fàdákà kò mọ̀ ọ́n. Ìgbín lè jẹ ẹ́ kó máa wọ́ lọ. Iná kò sì pa oró náà."

Ní ọjọ́ kẹta, inú Ìyá rọ̀ ọ́. Ó béèrè ẹ̀kọ, ó jẹ ẹ́, ó wá ró aṣọ rẹ̀. Ládiípọ̀ ti gbé kẹ̀kẹ́ síta. Victorine lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ò lọ, Ìyá."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ mi ni?"

"Ẹ bú mi. Ọmọ́báyọ̀ náà ní ara òun ti yá ní ọjọ́ kẹta. A sin ín ní ọjọ́ karùn-ún."

Ìyá padà lọ dùbúlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, oró náà ti dé ẹ̀dọ̀. Ọjọ́ méjìlá ló tún lò níbẹ̀ kó tó lè rìn, ó sì ti rù kan eegun. Nígbà tí wọ́n dé Issaba, tí àwọn obìnrin wá kí i, ó nawọ́ sí Victorine.

"Ẹni tó da ọbẹ̀ mi nù nìyí. Òun ni kí ẹ kí."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, òjò yóò tún rọ̀, olú yóò sì tún hù. Má fi ọ̀bẹ gé e. Wú u tìdítìdí kí o rí gbogbo rẹ̀. Ibi tí olú dáadáa hù sí lésìí, olóró lè hù síbẹ̀ lọ́dún yìí. Bí o bá rí àpò nídìí rẹ̀, fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni pé olú kan wà tó ní àpò tó sì ṣeé jẹ, bẹ́ẹ̀ ni olóró kan wà tí kò ní. Nítorí náà, èyí tí ìwọ àti ẹni tó mọ olú kò bá dá mọ̀ dájú, má jẹ ẹ́, má sì fún ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, má dúró de ìnira, má gbẹ́kẹ̀ lé epo. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù, má sì jẹ́ kó padà wálé nítorí pé inú rọ̀ ọ́.

Bí àgbà ilé bá sì ní o ṣe àfojúdi nítorí pé o da ọbẹ̀ òun nù, kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n dà á nù ná. Jẹ́ kó bínú. Ẹni tó ń bínú sí ọ ṣì ń mí.