Oògùn Tí Rozan Ń Fi Agbọ̀n Rà

Ní àdúgbò Burj Hamud ní Beirut, kò sí ẹni tí í torí búrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin. Agbọ̀n ni wọ́n ń fi okùn sọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Onísọ̀ á kó ọjà sí i, wọn á sì fà á gòkè. Rozan ń fi agbọ̀n tirẹ̀ ra búrẹ́dì, ó ń fi ra ewé míńtì tí wọ́n ń fi sínú tíì, ó sì ń fi ra oògùn.

Aṣọ ìyàwó ni Rozan ń rán. Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, Butros ló sì wà nínú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, bí obìnrin ló sì ń gbé ayé rẹ̀. Ó ń lo oògùn tí í sọ ara di ti obìnrin, àmọ́ kò sí dókítà tó kọ ọ́ fún un. Nígbà tí oògùn náà wọ́n lọ́jà, olóògùn fi ti ìfètòsọ́mọbíbí sínú agbọ̀n dípò rẹ̀. Jumana ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó máa lo mẹ́rin lójúmọ́, pé bó bá pọ̀, á tètè ṣiṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó gbóná, ó ń ro ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan.

Màmá Araksi, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní àjà ìsàlẹ̀ tirẹ̀, wọlé bá a níbi tó ti ń po òróró ólífì mọ́ ọtí áráàkì.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi wọ́ ẹsẹ̀ ni, Màmá. Jumana ní ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ló fà á."

"Ìgbà wo ni Jumana kọ́ṣẹ́ ìṣègùn? Gbé àwo yẹn kalẹ̀, má fi ọtí ṣòfò. Jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ọ̀hún."

Ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n wéra. Kò tẹ èyíkéyìí.

"Oògùn wo lò ń lò?"

"Kò sí."

"Rozan, ojú mi ò tíì fọ́. Ó ti tó ọdún kan tí agbọ̀n rẹ ti ń gba iwájú fèrèsé mi kọjá."

Rozan bá jẹ́wọ́.

"Mẹ́rin? Ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é gan-an, ẹyọ kan ló ń lò lójúmọ́. Dìde, ọsibítù ló kàn."

"Mi ò lọ, Màmá."

Ìdí wà tó fi kọ̀, Màmá Araksi sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ibà gbé e dé ọsibítù kan. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ka káàdì rẹ̀, ó sì ké orúkọ jáde láàárín èrò: "Butros." Gbogbo ojú yíjú sí i. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá ìyàwó Butros ló wá jíṣẹ́ fún ọkọ ẹ̀. Rozan gbé ibà rẹ̀ padà sílé.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kú síbí," ló wí.

"Mo gbọ́. Aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, ta ni á bá ọ parí ẹ̀? Ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn ni?"

Màmá Araksi mú fóònù, ó pe Lamis, ó sì sọ ohun tó rí fún un. Lamis jẹ́ olùtọ́jú ọkàn, ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ wo ìdààmú inú, ní ilé ìlera kan tó ń ran àwọn ènìyàn bíi Rozan lọ́wọ́, àti ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, àti obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin.

"Ṣé ó ń mí dáadáa? Ṣé àyà ò dùn ún?" ni Lamis béèrè.

"Ẹsẹ̀ nìkan ni."

"Ẹ má fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà o, Màmá. Ẹ máa gbé e bọ̀ ní ọsibítù tí ilé ìlera wa ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ ó bá mi lẹ́nu géètì."

Iná ò sí, ẹ̀rọ tí í gbé ni sọ̀ kalẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Aládùúgbò méjì gbé Rozan lórí àga ilé ìdáná gba àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ló ṣí, gbogbo ojú ló rí i. Ó di àga mú.

Kí wọ́n tó dé, Lamis ti sọ fún akọ̀wé ọsibítù náà pé Rozan ni kó máa pè é. Akọ̀wé wo káàdì, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Rozan, ẹ máa bọ̀ níbí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà béèrè oògùn tó ń lò. Rozan yíjú sí ògiri. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á gba oògùn náà lọ́wọ́ òun.

"Ara tìrẹ lò ń fi í pamọ́ fún," ni Lamis wí. "Sọ gbogbo ẹ̀."

Ó sọ orúkọ oògùn, iye tó ń lò, oṣù tó ti ń lò ó, àti sìgá tó ń mu. Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan rẹ̀; oògùn tó pọ̀jù àti sìgá ló fà á.

"Ká ní ẹ wọ́ ọ ni," ni dókítà wí, "ó lè já, kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó máa ń pani."

"Ṣé mi ò ní lo oògùn mi mọ́ láé ni?"

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò yìí, rárá. Àmọ́ irú mìíràn wà tí ewu ẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, títí a ó fi mọ èyí tó bá ara yín mu."

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, Rozan ń lọ sọ́dọ̀ Lamis ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tíì jókòó tó fi béèrè, "Ṣé ẹ fẹ́ yí mi padà ni? Bàbá mi ti mú mi lọ bá àwọn tó ní àwọn á sọ mí di ọkùnrin rí."

"Ohun tí kì í ṣe àìsàn, a kì í wò ó sàn," ni Lamis dáhùn. "Ẹ̀rù tó ń lé ọ kúrò ní ọsibítù, òun la jọ máa wò sàn."

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ má gba irú oògùn yìí lẹ́nu ọ̀rẹ́, ẹ má sì fi kún iye tí dókítà kọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, ẹ má wọ́ ọ, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí ò já gaara, ẹ má dúró ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá ilé ìlera tí í pa àṣírí mọ́, ẹ ní kí wọ́n sìn yín lọ bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá ní òun á yí ọmọ yín padà ń tàn yín jẹ ni. Ẹ̀yin akọ̀wé, orúkọ tí aláìsàn bá ní kí ẹ pe òun ni kí ẹ pè.

Ìwọ tí ara ń ro lọ́wọ́lọ́wọ́, má jókòó de ọjọ́ tí ojú ò ní tì ọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì kò mọ ìtìjú. Dìde, kí o lọ.