Awò Ìbọn Tí Nadine Yàn

Nígbà tí Wendell wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí òkè ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ọgbẹ́ náà tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Nadine tó wà lẹ́yìn káńtà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín kó tó kí i.

"Ẹ má bínú. Ìyàwó yín ló nà yín ni, àbí ìbọn?"

"Mi ò níyàwó. Ìbọn ni."

"Ṣakabùlà?"

"Ṣakabùlà ni."

Ó gbé e kalẹ̀. Ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu ni, irú èyí tí a fi ń dọdẹ àgbọ̀nrín ní ìpínlẹ̀ Ohio nínú oṣù kìíní. Awò kan tí a fi ń fojú sun ẹran wà lórí rẹ̀, ó gùn ju ìgò bíà lọ. Nadine fojú sí i, ó gbójú kúrò.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí wò? Òṣùpá?"

"Ẹni tó tà á ní ó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ èèyàn."

"Ó ń fà á. Ṣùgbọ́n nínú igbó tiwa, àgbọ̀nrín kì í jìnnà. Irun ìhà rẹ̀ nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Awò yìí tún fẹ́ kẹ́ ẹ lẹ ojú mọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tù ń ti ìbọn sẹ́yìn gan-an. Èrè rẹ̀ ló wà lójú yín yẹn."

Ó mú awò kúkurú kan wá, tí kì í sọ nǹkan di ńlá púpọ̀. Ó ní kó gbé e sókè bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ sí àárín ojú Wendell àti awò náà, láti wo bí àyè tó wà níbẹ̀ ṣe tó. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn òróró ìbọn. Wendell ò mí.

"Kí lẹ rí?"

"Gbogbo ògiri yín."

"Ohun tẹ́ ẹ nílò nìyẹn."

Ó padà wá ra ẹ̀tù. Ó tún padà wá ra àkísà ìnubọn, ó sì tún wá rà á.

"Wendell, àkísà yìí ti tó rán kóòtù o," ni Nadine wí, ó sì tẹ̀lé e lọ jẹun. Kí ooru tó dé, wọn ò lè ṣe ọjọ́ kan láìrí ara wọn.

Orval, bàbá Nadine, ni wàhálà. Ìyá Nadine ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ ló kù nílé. Irin kékeré orí ìbọn ni Orval fi ń fojú sun ẹran láti ìgbà èwe. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn dígí, kó lọ máa fọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ní oṣù kìíní tó kọjá, ó yìnbọn fún abo àgbọ̀nrín kan, kò pa á, ó ṣe é léṣe ni. Òun àti Nadine tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rí i. Láti ọjọ́ náà, Orval ò wọ igbó mọ́.

"Mi ò lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yìí," ni Nadine sọ fún Wendell. "Bí kò bá gbà ẹ́, mi ò ní fẹ́ ẹ."

Wendell wá ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ ìbí Orval, ó ra awò kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì lójú gbogbo àlejò.

"Bàbá, Nadine ní ojú yín ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Èyí á ràn yín lọ́wọ́."

Orval dìde. "Jáde nílé mi."

Nadine tẹ̀lé Wendell dé ìdí ọkọ̀, kì í ṣe láti tù ú nínú. "O tú u síhòòhò lójú èèyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo sì fi tú u. Má pè mí."

Kò pè é. Ìgbà òtútù dé, yìnyín bo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Nadine wà níbi iṣẹ́, Wendell lọ kan ilẹ̀kùn Orval.

"Bàbá, ohun tí mo ṣe kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò sì fi irin lásán fojú sun ẹran rí. Ẹ kọ́ mi."

Orval wo ọkọ̀ rẹ̀ níta. "Ìbọn rẹ dà?"

"Ó wà nínú ọkọ̀."

"Èmi ni màá mú un dání. Tèmi ni wàá yìn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sídìí igi kan nínú yìnyín. Akọ àgbọ̀nrín kan jáde. Wendell yìnbọn, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Ìbọn ò bà á. Nígbà tí èéfín ká, ẹran náà ti dúró lórí òkè kékeré kan nítòsí, ó ń wẹ̀yìn wò. Orval gbé ìbọn Wendell sójú. Kò yìn ín. Nínú awò, ó rí èémí tó ń jáde nímú ẹran náà, ó rí irun etí rẹ̀. Ẹran náà rọra lọ.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò yìn ín?"

"Mò ń wò ó." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó fa ọ̀bẹ yọ. "Ó yá, kẹ̀yìn sí mi."

Nínú ìdílé wọn, ẹni tí ìbọn rẹ̀ ò bá ba ẹran, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná. Wọn kì í gé ti àlejò.

Nígbà tí Nadine ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí àgékù aṣọ pupa tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ àtijọ́ lára ògiri.

"Ta ló ni èyí?"

"Ọ̀gbẹ́ni tó ń bó ọ̀dùnkún yẹn," ni Orval wí. "Kò mọ ìbọn yìn rárá. Tó bá fẹ́ ẹ, adìyẹ lẹ ó máa jẹ. Lọ́la, mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ lo máa yan awò fún mi, kì í ṣe òun."

Ó mú kọfí rẹ̀, ó jáde.

Wendell nu ọwọ́. "Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Díẹ̀."

"Nadine, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Nadine di aṣọ ara ògiri mú, ó fà á. Kò mì.

"Bàbá mi kàn án gidi," ló wí. "Kò fẹ́ kó bọ́. Èmi náà ò fẹ́ kó bọ́."