Lẹ́tà Kan Tó Sọnù Lára Bánà

Òòlù ni Sọ̀fíyátù kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin náà. Ó já lulẹ̀ gbì níwájú bàtà rẹ̀ ní Powis Street, ní Woolwich, nílùú London. Ó gbójú sókè, inú ti ń bí i. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, ó há ìṣó sẹ́nu, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́lẹ́, ó sì fi èjìká ti pátákó ṣọ́ọ̀bù tuntun kan mọ́ ògiri kó má baà jábọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ràn sí i lójú. Ó dára lọ́kùnrin, ìyẹn sì tún bí Sọ̀fíyátù nínú sí i.

"Ẹ má bínú, Mummy!" ló wí láàrin ìṣó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na òòlù yẹn."

"Ta ni Mummy? Èmi ni mo bí ẹ ni?"

Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ah! Sister, mo ti ṣìnà. Híjáàbù ńlá yẹn ló tàn mí jẹ."

"Kí híjáàbù wá gbé òòlù fún ẹ nígbà náà."

Síbẹ̀, ó nà án sí i.

Tawfiq Sàlàkọ́ lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ pátákó àti bánà ló ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì yẹn. Sọ̀fíyátù Bákàrè ní tirẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní Thamesmead, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Sophie nítorí wọ́n ní orúkọ rẹ̀ gùn jù. Ojoojúmọ́ ló ń tún un pè fún wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Tawfiq pe orúkọ náà tán pátá, ó sì pè é bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí òtútù tó dé, wọ́n ti jọ ń rìn létí odò, Tawfiq ń ra ìpékeré fún un, Sọ̀fíyátù náà ń ka ìtàn tó ń kọ fún un: ìtàn obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń lé olè kiri Thamesmead.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi," ni Tawfiq máa ń wí, "bá mi wádìí ọ̀rọ̀ kan. Kí ló dé tí mi ò rí oorun sùn mọ́?"

"Ebi ni. O jẹ ìpékeré tèmi mọ́ tìẹ, ebi tún ń pa ẹ́."

Nínú ìwé kan tí Sọ̀fíyátù yá ní ilé ìkàwé ló ti pàdé Margaret Oldacre. Láyé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí kò tíì sí obìnrin nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, Margaret jókòó ní Woolwich níbẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n padà wá kọ́ Morris Walk Estate sí, ó ń kọ ìtàn nípa obìnrin tó ń tú àṣírí àwọn apànìyàn. Ìwé náà tà. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà ni wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé: Captain Oldacre. Lójú oórì rẹ̀ pàápàá, "ìyàwó Captain" nìkan ni wọ́n kọ. Nígbà tí Sọ̀fíyátù ka ibẹ̀, ó pa ìwé dé. Àfi bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n jà lólè.

Ó yọ àwọn ará ilé ìkàwé lẹ́nu títí wọ́n fi gbà láti ṣe àfihàn kékeré fún Margaret. Tawfiq ni yóò ṣe bánà. Sọ̀fíyátù kò sọ ìtàn náà fún un, torí ó fẹ́ kó gbọ́ ọ láàrin èrò lọ́jọ́ náà. Ó kàn fi voice note ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́: "Kọ Oldacre gàdàgbà. Kọ ọ́ lóyìnbó pé Woolwich níbí ló gbé, ibí ló ti kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ dù ú."

Láàárọ̀ Sátidé, Tawfiq kò tíì ti ṣọ́ọ̀bù dé nígbà tí wọ́n tú bánà náà níwájú èrò. Ó rẹwà. He lived here, ni bánà wí. He wrote here.

"Ó" ni Sọ̀fíyátù wí, "ó" kì í sì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tawfiq ló fi irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n.

Sọ̀fíyátù kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù Tawfiq.

"Obìnrin ni! Obìnrin ni Oldacre!"

Tawfiq yanu. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe: ó rẹ́rìn-ín. "Olólùfẹ́ mi, s nìkan ló kù kí he di she. Lẹ́tà kan péré! Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn báyìí báyìí."

"Abẹ́ lẹ́tà kan péré yẹn ni wọ́n sin ín sí, Tawfiq!"

Ìgbà yẹn ni ojú Sọ̀fíyátù bọ́ sára kọ̀ǹpútà. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ìtàn tó ń kọ ló wà níbẹ̀: odò, afárá, obìnrin kan tó wé híjáàbù, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lálàá rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi orúkọ òǹkọ̀wé, wọ́n kọ ọ́ pé Mrs. T. Sàlàkọ́.

"Kí nìyí?"

"Mo fẹ́ fi ṣe surprise ni." Ohùn Tawfiq ti lọ sílẹ̀. "Òun ni mo fẹ́ fi bi ẹ́ bóyá wàá fẹ́ mi."

"Orúkọ mi dà níbẹ̀? Ọjọ́ wo lo bá mi kọ ìtàn yẹn? O fẹ́ fẹ́ mi, o wá kọ́kọ́ pa mí rẹ́!"

Ó gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Auntie Munirat, tó gbà á sílé lẹ́bàá títì Harrow Manorway, pàtẹ́wọ́. "Torí lẹ́tà lo ṣe fẹ́ lé ọkọ dànù? Ṣé o mọ iye èèyàn tó ń wá irú ẹ̀ ní London yìí?"

"Auntie, kí ni wọ́n ń pe ẹ̀yin náà?"

"Ìyá Anisah."

"Kí ẹ tó bí Anisah ńkọ́?"

"Ìyàwó Alhaji." Ó yíjú sí ìrẹsì tó wà lórí iná, ó sì ń rò ó kíkankíkan.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Sọ̀fíyátù kò gbé fóònù Tawfiq. Ìbínú bá a lọ síbi iṣẹ́, ó bá a wọ bọ́ọ̀sì padà. Tó bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá inú ilé rẹ̀ ni orúkọ òun máa kú sí. Tí kò bá sì padà, ẹnu tó ń pe orúkọ náà dáadáa jù ní gbogbo ìlú yìí ló máa pàdánù. Èyí ló ń dùn ún jù.

Nígbà tí Sátidé tún dé, ó lọ sí ilé ìkàwé láti fọwọ́ ara rẹ̀ já bánà náà. Tawfiq ló bá níbẹ̀, ọ̀dà pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà nímú rẹ̀. Kò lẹ s kankan mọ́ ọn. Ó ti pa gbogbo he rẹ́, ó sì fọwọ́ kọ MARGARET sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń wọlé pé, "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn. Obìnrin ni."

"O ti ka ìwé rẹ̀?" ni Sọ̀fíyátù bi í.

"Mo kà á tán. Ọkọ ẹ̀ yẹn, ká ní ó ṣì wà láyé ni, à bá jọ wọ̀yá ìjà." Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Mi ò mọ̀ pé ohun tó ṣe sí i lèmi náà fẹ́ ṣe sí ẹ, tí mo tún ń pè é ní ẹ̀bùn. Sọ̀fíyátù Bákàrè, ṣé wàá fẹ́ mi? Bákàrè lára ìwé, Bákàrè lẹ́nu mi. Mo ti sọ fún ìyá mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n pariwo, mo sì tún un sọ."

"Tawfiq Sàlàkọ́, inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó máa bí ẹ nítòsí mi."

Ìbínú Sọ̀fíyátù kò lọ. Ó kàn sún díẹ̀, kí ìfẹ́ náà lè rí àyè jókòó.

"Mo gbà," ló wí. Kí Tawfiq tó lè fò sókè, ó nawọ́ sí ògiri. "Di etí ọ̀hún yẹn mú jàre. Bánà ẹ wọ́."