Ìgò Kan Ṣoṣo Lórí Ìlà

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni Èyítáyọ̀ gbé wá sẹ́nu ẹ̀rọ omi ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Fẹ́rànmí. Òòrùn ń mú, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó kàn án ni ọmọbìnrin adúmáadán kan nínú aṣọ nọ́ọ̀sì fa ìyá arúgbó tó mú ìgò kan ṣoṣo dání bọ́ síwájú.

"Àǹtí, ìlà wà ńbí o! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ pọn!"

"Ìgò kan ṣoṣo ni màmá fẹ́ pọn. Ṣé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tìẹ ló máa dá wọn dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ẹ̀yin ọkùnrin yìí!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Èyítáyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní yunifásítì gan-an nìyẹn: ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀rọ̀ kékeré ti máa ń há sẹ́yìn fídíò ńlá. Ó fi kọ̀ǹpútà fara wé ìlà náà, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré máa kọjá síwájú fídíò. Ìdúró dín kù ju ìdajì lọ. Ó wá Fẹ́rànmí, nọ́ọ̀sì ẹnu ẹ̀rọ omi náà, lọ láti dúpẹ́, ọpẹ́ sì di ìfẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Ọdún kan kọjá, ọkùnrin ṣì ń dán ìlànà kan wò lẹ́yìn òmíràn lórí kọ̀ǹpútà, kò lọ tọrọ ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Fẹ́rànmí pè é láti ilé bàbá rẹ̀ ní Òmù.

"Olólùfẹ́, àwọn ará Ìdó kan ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́la. Ó ti sú Bàbá láti máa retí rẹ."

"Jẹ́ n parí èyí tí mò ń ṣe ná."

"Ẹni mélòó ló wà níwájú mi lórí ìlà rẹ, Èyítáyọ̀?" Ó pa fóònù.

Èyítáyọ̀ gbé fóònù kalẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n ló wá fi sẹ́yìn! Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gun ọ̀kadà.

Bàbá ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó dé. "Àwọn àgbà ulé rẹ dà? A kì í dá nìkan wá tọrọ ọmọ."

Èyítáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́. "Òkè-Àkó ni wọ́n wà, Bàbá. Mi ò lè dúró kó wọn jọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n pàdánù rẹ̀."

Bàbá tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Fẹ́rànmí jáde wá, omijé lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọjá síwájú. Ìgò kan ṣoṣo ló mú dání."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Bàbá, ṣùgbọ́n ojú ọmọ rẹ̀ yé e. Ó nu ọwọ́, ó pe àwọn ará Ìdó pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́.

"Ìwọ, dìde. Àárọ̀ ọ̀la ni kí n rí àwọn ará ulé rẹ."

Fẹ́rànmí ń gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára ẹ̀wù Èyítáyọ̀. Ọkùnrin náà ti fa fóònù yọ; kò tíì yára bẹ́ẹ̀ rí láti pe àwọn ẹbí rẹ̀.